Ọ̀nà Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Òkè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ fi orin àti àtẹ́wọ́ pàdé mi ní ọjọ́ tí mo dé, orin yẹn kò tọ́ sí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹra fún yín. Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni Abijáàn ṣe rí, n ó ní, "Ó tóbi," n ó sì yára wọlé. Ẹ rò pé ìtìjú mi àtijọ́ náà ni, èyí tí kì í jẹ́ kí n lè kí ènìyàn sókè. Kì í ṣe òun. Ìtìjú tuntun ni mo mú ti ọ̀hún bọ̀, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe dé ọwọ́ mi. Ẹnu mi kò lè sọ ọ́ lójú yín ni mo ṣe kọ ọ́. Ọdún márùn-ún péré ni mo lò nílé ìwé, n kò mọ bí a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí nǹkan ṣe rí gan-an ni n ó sọ.

Ilẹ̀ tí mo yà

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kì í fi fóònù ṣeré, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé yín. Eré kan wà lórí ayélujára tí ẹgbẹ́ mẹ́ta ti ń bá ara wọn jagun: Àṣá, Ọ̀nì àti Ẹfọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò yan ẹgbẹ́ kan, yóò sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ì báà wà ní Parakú, ní Dákà tàbí ní Wagadúgù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú tirẹ̀ ní igun ayé náà. Òkè kan wà láàárín tí gbogbo wọn ń dù. Ẹgbẹ́ tó bá wà lórí òkè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló borí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwa ọmọ Ṣábẹ, Ẹfọ̀n ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi Ràìmì ni olórí wa, abẹ́ igi máńgòrò ní Plateau, àdúgbò wa, sì ni ibùdó wa.

Àwọn tó ni eré náà, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Abijáàn, máa ń gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya ilẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Bí mo bá ti ṣa kajú tán lọ́sàn-án, ilẹ̀ ni mo máa ń yà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Oko iṣu bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń pín ilẹ̀ tuntun nílé wa: ẹnì kan ni yóò fi okùn wọ̀n ọ́n, ẹni tó wọ̀n ọ́n ni yóò sì mú ìpín tirẹ̀ kẹ́yìn. Nítorí pé kò mọ èyí tí yóò ṣẹ́ kù fún un, kò ní jẹ́ kí ọ̀kankan burú. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí mo bá ya ilẹ̀ tán, n ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Àṣá, n ó sáré dé orí òkè, n ó máa ka ẹsẹ̀ mi. N ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìlú Ọ̀nì, n ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìlú Ẹfọ̀n. Bí ọ̀nà ẹgbẹ́ kan bá yá jù, n ó fi odò dá a dúró díẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ibi gíga tó ti lè máa wo àwọn yòókù, n ó fún àwọn yòókù ní igbó tí wọn yóò fara pamọ́ sí. Ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ jọra, eré á sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ tí yóò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Nígbà tó yá, mo ya òkè wa, òkè Ṣábẹ yìí gan-an, bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára àpáta. Mo ka ẹsẹ̀ ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bára mu. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí n kò sọ fún ẹnì kankan.

Ẹ rántí pé a ń fìdí rẹmi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ń pe Ràìmì ní màlúù tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Èmi ní tèmi, ẹ kì í rí mi rárá, ẹ̀yìn yín ni mo máa ń jókòó sí. Mo fẹ́ kí ẹ yìn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá àgbà mi ti mú mi lọ sí ẹ̀yìn òkè rí, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó fi ihò kan hàn mí láàárín àpáta méjì, tí àwọn baba wa sá gbà nígbà ogun. Bí o bá kojú sí i, òkúta lásán ni wàá rí. Bí o bá fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí o fa ikùn wọlé, yóò gbà ọ́. Ihò yẹn ni mo gbé sínú ilẹ̀ tí mo yà, ní ẹ̀yìn igbó kajú tó wà ní ìhà Ẹfọ̀n, mo sì fi ìtàkùn bò ó. Ó gé ọ̀nà wa sí ìdajì. Nígbà tí àwọn tó ni eré gba ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ojú ogun gbogbo ayé, mo díbọ́n bí ẹni tó ṣèèṣì já sínú ihò. Ràìmì ní, "Ìwọ kọ́ lo yà á ni?" Mo ní rárá, bóyá àwọn ará Abijáàn ló ṣe àṣìṣe. Ó fò sókè, ó ní, "Ojú ọmọ Ṣábẹ dá ṣáká! Ẹ pa ẹnu mọ́ o!" A pa ẹnu mọ́. Láti ìgbà náà la ti ń borí, láti ìgbà náà lẹ sì ti ń fi mí jókòó níwájú.

Ààlà

Nígbà tí ìwé ìpè dé, pé kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Abijáàn kí n bá wọn ya ayé tuntun, ariwo yín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó igi máńgòrò. Ìyá àgbà nìkan ni kò pariwo. Ó ní, "Wọ́n ní o ya òkè wa. Ṣé o ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá."

Ó wò mí títí, ó sì gbàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ló wúwo jù nínú ẹrù tí mo gbé lọ.

Mo ti máa ń rò pé ààlà gbọ́dọ̀ jẹ́ odò tàbí òkè, nítorí bí mo ṣe máa ń yà á nìyẹn. Lómé, ní ẹnu ibodè Gánà, ni mo ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú ń lọ, ọjà ń lọ, àfi géètì kan láàárín. Lẹ́yìn géètì, owó yàtọ̀, aṣọ ọlọ́pàá yàtọ̀, ṣùgbọ́n èdè kan náà ni àwọn obìnrin tó ń ta omi ń sọ ní ìhà méjèèjì, wọ́n sì ń bú ara wọn kọjá géètì pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo dúró lórí ìlà, mo bi ara mi pé ta ló wọn ilẹ̀ yìí, ṣé ó sì mú tirẹ̀ kẹ́yìn.

Ní Gánà, n kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Faransé tí mo gbọ́ díẹ̀díẹ̀ kò wúlò níbẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ kíyè sí i pé n kò tíì jẹun. Ó bó èèpo àgbàdo kúrò lára nǹkan kan tó dà bí ẹ̀kọ wa ṣùgbọ́n tó kan díẹ̀, ó pín in sí méjì, ó sì na èyí tó tóbi sí mi. Mo mi orí. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì kọjú sí fèrèsé kí n lè jẹ ẹ́ láìtijú. A kò bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi sọ̀kalẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ìdajì tó tóbi yẹn ni ó máa ń dùn mí bí ẹni gún mi.

Ìyá Múrí àti Tàǹtí Fátù

Omi ni mo kọ́kọ́ rí ní Abijáàn. Omi wà níbi gbogbo, ilé gíga dúró sí etí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀, ọkọ̀ sì ń kún orí afárá bí ìjàlọ. Ilé obìnrin ará Èjìgbò kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí ní àdúgbò Treichville, Ìyá Múrí, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò. Mo kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Kí lo wí? N kò gbọ́."

"Mo ní ẹ kú ilé, mà."

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ Ṣábẹ! Níbí, ẹni tí kò bá pariwo, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Dìde, ilẹ̀ tútù. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbí, èmi ará Èjìgbò, ìwọ ará Ṣábẹ, wọn kò mọ̀ wá yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní Ànàgó fẹ́ràn owó, rẹ́rìn-ín kí o ta ọjà rẹ. Bí wọ́n bá ní Ànàgó ń purọ́, ìyẹn ni kí o má gbà."

Mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Ó rò pé mo ń gbọ́ràn ni.

Ẹnu ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé iṣẹ́ wa, obìnrin sísanra kan ń dín ẹja níbẹ̀, Tàǹtí Fátù ni gbogbo wọn ń pè é. Ó máa ń bu àtíẹ́kẹ́ sínú abọ́. Gbàgúdá ni wọ́n fi ń ṣe é, ó dà bíi gààrí tí kò gbẹ tán. Yóò gbé ẹja lé e, yóò gé àlùbọ́sà àti ata tútù sí i, gárbà ni wọ́n ń pè é. Fóònù rẹ̀ máa ń fara ti ìgò òróró, iná eré wa sì ń tàn lójú rẹ̀. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é. Lójoojúmọ́ ló máa ń fi ẹja kékeré kan lé tèmi. Ó ní, "Jẹun, ọmọ mi. Ẹni tó jìnnà sí ìyá rẹ̀ kì í yó bọ̀rọ̀."

Ènìyàn dáadáa ni àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́. Kwàmé ni ọ̀gá, ọkùnrin gíga tó máa ń jẹun lórí ìdúró. Wọ́n ń pe ọ̀gá lórúkọ níbẹ̀, ọmọdé àti àgbà. Èmi kò lè ṣe é. "Ọ̀gá" ni mo ń pè é, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mo fẹ́ sọ ọ́ di baálẹ̀. Áyà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, ni wọ́n fi mí sí lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí òkúta inú eré le bí òkúta, kí omi jẹ́ omi, kí ẹsẹ̀ má ri sínú ilẹ̀. Bí mo bá ya ilẹ̀, òun ló ń mú un le. Wọ́n ti tẹ òkè mi sórí bébà ńlá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kwàmé máa ń fi í han àlejò, á ní, "Òkè Rábì. Kò sí ilẹ̀ tó dọ́gba bí èyí nínú gbogbo ayé wa."

Rábì ni èmi. N kì í lè wo ògiri náà.

Ibi tí ẹsẹ̀ gbà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pe àwọn olórí ẹgbẹ́ tó wà ní Abijáàn kí wọ́n wá wo ayé tuntun kí ó tó jáde. Mo jókòó sí ẹ̀yìn. Ta ni mo rí tó wọlé, tó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tó ṣì ń rùn fún òróró? Tàǹtí Fátù. Kò sí ọmọ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni olórí gbogbo Ọ̀nì.

Áyà gbé àwòrán kan sójú ògiri. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn eléré ti gbà lórí òkè láti ìgbà tó ti jáde, ó pọ́n bí iná níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí ẹsẹ̀ bá ń gbà, koríko kì í hù. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo rí ọ̀nà Àṣá, mo rí ọ̀nà Ọ̀nì, mo rí ọ̀nà Ẹfọ̀n, wọ́n gbòòrò, wọ́n pọ́n. Mo sì rí ìlà kẹrin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó jáde láti inú igbó kajú, ó sì la àárín òkúta kọjá lọ tààrà sí orí òkè.

Tàǹtí Fátù dìde, ó fi ìka tọ́ ọ. "Kí nìyí?"

Áyà ní, "Òkúta ló wà níbẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè gbà á."

"Mo ní kí nìyí?" Ohùn rẹ̀ kò ga. "A ní ọmọ tó pọ̀ nínú Ọ̀nì tó ti fi eré yìí sílẹ̀. Èmi ni mo ń bá wọn wí. Mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n, mo ní wọn kì í tètè dé òkè. Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ, ṣé ọ̀nà kan ló wà nínú òkúta?"

Kwàmé bẹ̀ ẹ́, ó ní àṣìṣe ilé iṣẹ́ ni. Áyà ní, "Àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo ń mú òkúta le. Ẹ fún mi láyè, n ó wá a rí." Ó wo ẹ̀yìn, ó wò mí, ó ní, "Rábì, má jẹ́ kí ó dùn ọ́. Kì í ṣe ilẹ̀ rẹ ló ní àbùkù."

Mo dìde, mo lọ bu omi wá fún un.

Ìpín ẹja

Ọjọ́ mẹ́rin ni Áyà fi wá ihò náà. Ó ń darí ènìyàn inú eré lọ kọlu òkúta, òkúta ń dá a padà, ó tún lọ. Iwájú ló ń kọ sí i nígbà gbogbo. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi wọ̀ ọ́, àfi ọmọ Ṣábẹ kan tó jókòó tì í tó ń gbé omi fún un. Kwàmé kò bá a rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé bí wọn kò bá rí i di Ọjọ́bọ̀, wọn yóò yọ òkè náà kúrò, wọn yóò sì gbé iṣẹ́ òkúta fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kẹrin, Áyà ní kí n bá òun lọ jẹun nílé. Ìyá rẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, ó ti dijú lórí àga. Àtíẹ́kẹ́ àti ẹja yíyan kan ló wà nílẹ̀ fún àwa mẹ́ta. Áyà pín ẹja náà pẹ̀lú ọwọ́: orí, àárín, ìrù. Ó gbé abọ́ sí àárín wa. Kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Mú."

Mo ní kí ó kọ́kọ́ mú.

"Èmi ni mo pín in. Ẹni tó pín kì í mú ṣáájú. Ṣé ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín ni?"

Ẹ̀yin ará mi, mo wo ẹja yẹn. Ó ti fi ọgbọ́n pín in débi pé n kò lè mọ èyí tó dára jù. Omijé bọ́ sínú abọ́. Ó rò pé àárò ilé ló ń sọ mí. Ó fẹ́ dì mọ́ mi ni mo fi ní, "Áyà, fi ẹ̀gbẹ́ rìn."

"Kí lo wí?"

"Ihò náà. Má kojú sí i. Fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kí o fa ikùn wọlé. Yóò gbà ọ́. Èmi ni mo yà á."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ lò ń gbé omi fún mi."

"Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Kwàmé. Èmi kò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò."

"Rárá. Ìwọ lo pín in, ìwọ ni yóò sọ bí o ṣe pín in." Ó ti abọ́ sọ́dọ̀ mi. "Mú. Ebi ń pa ìyá àgbà."

Mo mú ìrù. Kò dùn lẹ́nu mi.

Lójú gbogbo wọn

Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n tún pé jọ. Ìyá Múrí tì mí wá, nítorí pé mo ti sọ fún un, ó sì ti lu orí mi díẹ̀ pẹ̀lú ìdí ṣíbí. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé Ànàgó purọ́ tán ó sá lọ. Nígbà tí mo dìde, Faransé mi sá kúrò lẹ́nu mi. Èdè wa ni mo fi sọ ọ́, Ìyá Múrí sì ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ga tó fi jẹ́ pé àwọn ará ìta náà gbọ́. Mo sọ ti okùn oko bàbá mi. Mo sọ ti ẹni tó ń mú kẹ́yìn. Mo ní, "Mo wọ̀n ọ́n, mo sì mú ṣáájú. Nínú òkùnkùn ìtàkùn ni mo ti mú un. Áyà kò jẹ̀bi."

N kò gbé orí mi sókè. Ilẹ̀ tí mo ń wò ní àmì kọfí kan, n ó mọ̀ ọ́n títí ọjọ́ ikú mi.

Kwàmé ní, "A ó yọ òkè náà. Kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ mọ́."

Mo ti mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn. Òkè wa ni, ẹ̀yin ará. Gbogbo àwọn ọmọ Dákà àti Wagadúgù tó ń gun òkè Ṣábẹ láìmọ orúkọ rẹ̀, wọn kò ní gùn ún mọ́, nítorí mi. Mo ń wá ibi tí mo lè gbé ojú mi sí, n kò rí.

Tàǹtí Fátù ló sọ̀rọ̀. "Ta ni yóò yọ ọ́? Àwa ni a ti ń kú lórí rẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Òkè náà dára. Ọmọ yìí ló bà á jẹ́. Kó tún un ṣe lójú wa níbí." Ó kọjú sí mi. "O ní nílé yín, ẹni tó bá pín ni í mú kẹ́yìn. Ó dáa. Àṣá ti mú tiwọn. Ẹfọ̀n ti mú tiwọn. Ta ló kù?"

Mo ní, "Ọ̀nì, mà."

"Nítorí náà, Ọ̀nì ni ìwọ báyìí, mi ò sì ní fún ọ ní ẹja mọ́, àfi bí a bá borí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kwàmé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó. Mo jókòó tì Áyà, lójú wọn, mo tún òkè ṣe. Ó rọrùn láti dí ihò náà pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé òkúta tí n ó fi dí i, mo rántí Ìyá àgbà lẹ́yìn òkè. Ó sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ yẹn, n kò sì kà á sí. Ó ní, "Ọ̀nà àsálà ni. Kò sí ẹni tó gba ibí lọ jà rí." Mo sọ fún Áyà. Ó ronú díẹ̀, ó ṣí ihò náà sí ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣe é kí ó máa gba ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ó má gba ẹni tó ń gòkè. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ́gun lórí òkè, ó lè gba ibẹ̀ bọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo jẹ́ Ọ̀nì. Ràìmì, ìwọ bi àwọn ọmọ wa léèrè nínú eré lọ́jọ́ Àìkú yẹn pé, "Ta ni Ọ̀nì kékeré yìí tó ń rọ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀?" Gbogbo yín gbọ́. Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ lé mi kúrò lórí òkè. Mo fa ikùn wọlé, mo gba ọ̀nà Ìyá àgbà sá lọ. Ẹ borí wa lọ́jọ́ yẹn, láìsí ihò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín nìkan. Bóyá ìyẹn ló dùn mí jù: ẹ̀yin kò nílò ohun tí mo jí fún yín.

Tàǹtí Fátù kò fún mi ní ẹja.

Ilé

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, orin yín ni mo gbọ́. Ràìmì gbé báàgì mi, ó ní, "Àwọn ará Abijáàn ti dí ihò wa nítorí ìlara! Ṣé o bá wọn jà?" Ẹ̀yin náà ń pariwo pé mo bá wọn jà. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni irọ́ tí mo pa kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Ìyá àgbà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń bó iṣu, kò dúró.

"Ṣé ó ṣì ń gba ẹni tó ń sá?"

"Ó ń gbà á, Ìyá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sá."

"Kò burú fún òkè, nígbà náà." Ó ju èèpo sí ẹ̀gbẹ́. "Ti irọ́ tí o pa fún mi ńkọ́, àti èyí tí o pa fún ẹ̀gbọ́n rẹ? Èyí kò ní ihò lẹ́yìn. Iwájú ni wàá gbà."

Iwájú ni mo ń gbà yìí. Ràìmì, èmi ni mo yà á, èmi ni mo sì dí i. Kò sí ará Abijáàn tó ṣe ìlara yín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ihò yẹn borí, èmi ni mo jí i, ẹ kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, n ó wá sábẹ́ igi máńgòrò. N kò ní jókòó níwájú. Ẹ kọ́kọ́ mú àyè yín, gbogbo yín, àgbà àti ọmọdé. Bí ẹ bá ní kí n padà sílé, n ó padà. Bí àyè kan bá ṣẹ́ kù, ì báà jẹ́ ibi tí oòrùn ti ń pa ènìyàn, òun ni tèmi.